Owó Detroit ò tán, ó sọdá títì ni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo rí àwọn fọ́tò Detroit, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà, ilé tó wó, ilé iṣẹ́ tí igi ti hù nínú ẹ̀, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi wá ń jiyàn lé e lórí. Ọ̀kan ní ìjà ìgboro 1967 ló ba ìlú náà jẹ́, èkejì ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló gba owó tó pọ̀ jù, ẹ̀kẹta ní ìgbà tí aláwọ̀ dúdú di méyọ̀ ni nǹkan dàrú. Èwo lòótọ́ nínú ẹ̀? Ṣé ìlú tó bàjẹ́ tó báyẹn sì lè padà bọ̀ sípò?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ọ̀rọ̀ Detroit yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo ti kà á, mo ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, síbẹ̀ ó ṣì máa ń dùn mí bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Àlàyé mẹ́ta táwọn ọ̀rẹ́ yín ṣe yẹn náà làwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn máa ń ṣe, torí náà mi ò ní bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan tó pa àwọn àlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: àwọn tó ṣẹ́kù sínú ìlú ni gbogbo wọn ń dá lẹ́bi, kò sẹ́ni tó yíjú wo àwọn tó kó ẹrù jáde, àti ohun tí wọ́n kó lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi iye èèyàn bẹ̀rẹ̀. Ní 1950, nígbà tí wọ́n ka àwọn èèyàn Amẹ́ríkà, 1,849,568 ni wọ́n bá ní Detroit, òun ni ìlú karùn-ún tó tóbi jù lórílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn. Nígbà tó fi máa di 2020, ó ku 639,111. Ìdá méjì nínú mẹ́ta, bí ẹní fi ọwọ́ nù ún kúrò. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn nìkan á rò pé àjàkálẹ̀ àrùn ló jà níbẹ̀, tàbí pé gbogbo èèyàn fò lọ sí ìpínlẹ̀ míì. Ó dáa, tẹ́ ẹ bá wá ka Detroit pọ̀ mọ́ àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká ńkọ́? Wọ́n ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ ní 1970, wọ́n ṣì ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ ní 2020. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀pọ̀ ò lọ jìnnà. Títì gbòòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Eight Mile, òun ni ààlà Detroit lápá àríwá, tẹ́ ẹ bá ti sọdá ẹ̀ báyìí ẹ ti kúrò lábẹ́ méyọ̀ Detroit, ẹ ti kúrò nínú owó orí Detroit, ẹ ti kúrò nínú ilé ìwé Detroit, ìlú míì lẹ wà yẹn. Iṣẹ́ sọdá títì yẹn, owó sọdá, àwọn aláwọ̀ funfun sọdá, nígbà tó yá àwọn aláwọ̀ dúdú tó rí ṣe náà sọdá. Gbèsè àti páìpù omi ni ò lè sọdá.

Kí n tó sọ bó ṣe bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dáa tẹ́lẹ̀, torí inú dídáa yẹn ni kòkòrò ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú tí èèyàn ẹ̀ ò tó 300,000 ni ní 1900. Henry Ford dá ilé iṣẹ́ mọ́tò ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1903, ó gbé mọ́tò Model T jáde ní 1908, nígbà tó di 1913 ní Highland Park, ìlú kékeré kan tí Detroit yí po, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo línì tó ń rìn, ìyẹn ni pé òṣìṣẹ́ á dúró sójú kan, mọ́tò lá máa bá a níbi tó wà. Iṣẹ́ tó ń gba wákàtí méjìlá àtààbọ̀ láti to ẹsẹ̀ mọ́tò kan pọ̀ di nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ náà ń pa èèyàn lára àti lọ́kàn, àwọn èèyàn ń sá, wọ́n ní láti gba èèyàn tó lé ní 50,000 lọ́dún 1913 kí wọ́n tó rí bíi 14,000 tó dúró. Ìyẹn ló jẹ́ kí Ford kéde ní January 1914 pé òun á máa san dọ́là 5 lóòjọ́ fún wákàtí mẹ́jọ, ó tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun táwọn òṣìṣẹ́ ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó sì tún dá ẹ̀ka kan sílẹ̀, orúkọ iṣẹ́ tiwa yìí gan-an ló fún un, ẹ̀ka ìmọ̀ àwùjọ, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ á lọ sílé òṣìṣẹ́ láti lọ wò bóyá ó ń mutí, bóyá ilé ẹ̀ mọ́, bóyá ó ń fowó pamọ́, ẹni tó bá kùnà ò ní gba dọ́là 5 yẹn pé. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ìyẹn ni inú mi máa ń bàjẹ́, pé ìmọ̀ tó yẹ kó fi yé wa bí àwùjọ ṣe ń gbé, ọgbà tí wọ́n fi ń ṣọ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe.

Owó yẹn fa èèyàn láti gbogbo ayé. Àwọn ará Poland wá, àwọn ará ilẹ̀ Lárúbáwá wá, àwọn aláwọ̀ dúdú sá kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń fojú wọn gbolẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1930, èèyàn ìlú ti lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Torí pé owó òṣìṣẹ́ dáa, ilé adádúró pẹ̀lú àgbàlá ni ọ̀pọ̀ wọn ń rà, wọn kì í gbé ilé alájà gíga, ìlú náà wá tẹ́ rẹrẹ, nǹkan bíi 139 máìlì níbùú lóròó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà dé orí ẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Detroit wá di ìlú tí ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ọjà ẹ̀, mọ́tò ni, tí mọ́tò bá sín, gbogbo ìlú á yáná.

Ọ̀rọ̀ awọ̀ ara ńkọ́? Mi ò lè fò ó, torí tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò ìtàn yìí ò ní yé ẹnikẹ́ni. Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin àti ibi tí wọ́n ti ń fín ọ̀dà, ibi tó gbóná tó sì léwu, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó aláwọ̀ dúdú sí. Ní June 1943, lójú ogun àgbáyé, nǹkan bíi 25,000 òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun pa iṣẹ́ tì nílé iṣẹ́ mọ́tò Packard torí wọ́n gbé aláwọ̀ dúdú mẹ́ta péré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí línì. Mẹ́ta o! Lóṣù yẹn náà rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ nígboro, èèyàn 34 kú, 25 nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọlọ́pàá ló sì pa 17 nínú àwọn 25 yẹn. Ọdún 24 nìyẹn jẹ́ ṣáájú 1967 táwọn ọ̀rẹ́ yín ń sọ.

Ilé gbígbé wá burú ju iṣẹ́ lọ. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ FHA sílẹ̀ ní 1934, àjọ yẹn ló ń ṣe onídùúró fún owó tí báǹkì ń yá èèyàn láti fi ra ilé, tí FHA ò bá dúró fún ẹ, báǹkì ò ní dá ẹ lóhùn. Òfin àjọ náà sì ni pé àdúgbò tí aláwọ̀ dúdú bá ń gbé, tàbí tó sún mọ́ ọn, ewu ni fún owó. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1941. Àwọn aláwọ̀ dúdú kan ti ń gbé nítòsí Eight Mile ọjọ́ ti pẹ́, oníṣòwò ilé kan wá fẹ́ kọ́ ilé tuntun fáwọn aláwọ̀ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, FHA ní rárá, ibẹ̀ sún mọ́ aláwọ̀ dúdú jù. Ọkùnrin yẹn mọ ògiri. Ògiri kọnkéré tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, tó gùn tó ìdajì máìlì, ó gba àárín àdúgbò méjèèjì kọjá. FHA bá fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà, ògiri ló sọ apá kan di ibi tó ṣeé yáni lówó tó sì sọ apá kejì di ibi tí ò ṣeé yá. Ògiri yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní, wọ́n ti ya àwòrán sára apá kan ẹ̀, aláwọ̀ dúdú ló sì ń gbé lọ́tùn-ún lósì ẹ̀ báyìí. Tí wọ́n bá ní kí n fi nǹkan kan ṣoṣo ṣàlàyé Detroit, ògiri yẹn ni màá mú, mi ò ní mú ilé iṣẹ́ tó wó.

Ilé ni olówó kékeré ń fi ń di olówó ńlá ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó rí owó yá ní 1950 láti ra ilé tuntun lẹ́yìn Eight Mile, ilé yẹn ló fi rán ọmọ lọ yunifásítì, òun ló jogún fọ́mọ. Ẹni tí wọn ò yá lówó, ilé háyà ló gbé títí. Láti 1948 ni kóòtù tó ga jù ti sọ pé ìjọba ò gbọ́dọ̀ fagbára ti ìwé àdéhùn tó ń sọ pé ká má ta ilé fún aláwọ̀ dúdú lẹ́yìn mọ́, ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ yẹn sì ti Detroit wá, àmọ́ báǹkì àtàwọn aṣojú tó ń ta ilé ò yí ìwà padà nítorí ìyẹn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù nìyí, pé láàárín 1947 sí 1963 nìkan, Detroit pàdánù iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá bíi 134,000. Ìgbà yẹn gan-an ni Amẹ́ríkà ń jayé jù, mọ́tò ń tà, kò tíì sí ọ̀rọ̀ Japan, kò tíì sí méyọ̀ aláwọ̀ dúdú kankan. Ibo niṣẹ́ gbà? Ilé iṣẹ́ alájà mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n ń kọ́ nígbà tẹ́lẹ̀ ò bá línì tuntun mu mọ́, ilé alájà kan tó gbòòrò ni wọ́n ń fẹ́, ilẹ̀ sì pọ̀ lẹ́yìn ìlú. Òpópónà márosẹ̀ tí ìjọba fowó là jẹ́ kí tírélà lè dé ibikíbi, kò di dandan kéèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ reluwé àárín ìlú mọ́. Ẹ̀rọ ń gba iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn. Àwọn kọ́ńpìnì náà ò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ pọ̀ jù lójú kan, torí ilé iṣẹ́ bíi River Rouge ti Ford, tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ tó 100,000 nígbà kan, tí wọ́n bá da iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ gbogbo kọ́ńpìnì á dá kú. Láàárín 1947 sí 1958, àwọn kọ́ńpìnì mọ́tò ńlá mẹ́ta, GM, Ford àti Chrysler, kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun 25 ní agbègbè yẹn, kò sí ẹyọ kan nínú ẹ̀ tó wà nínú Detroit fúnra ẹ̀. Àwọn kọ́ńpìnì kéékèèké wá ń kú: Hudson dà pọ̀ mọ́ Nash ní 1954, wọ́n ti ilé iṣẹ́ Detroit pa, Packard dáwọ́ iṣẹ́ dúró nílé iṣẹ́ ńlá ẹ̀ ní East Grand Boulevard ní 1956. Ilé Packard yẹn ló pọ̀ jù nínú àwọn fọ́tò tẹ́ ẹ rí yẹn, ó dá mi lójú. Àwọn tó ń wò ó máa ń rò pé 1967 ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ó sì ti ṣíwọ́ mọ́tò ṣíṣe fún ọdún 11 kí 1967 tó dé.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ dá ọ̀rẹ́ yín kejì lóhùn, èyí tó sọ ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Mi ò ní sọ pé UAW, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ mọ́tò, ò lọ́wọ́ nínú ẹ̀ rárá, owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n bá GM fọwọ́ sí ní 1950 wúwo lóòótọ́, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ káwọn kọ́ńpìnì máa wá ibi tí ẹgbẹ́ ò ti lágbára kiri, pàápàá ní gúúsù. Àmọ́ ẹ bi ọ̀rẹ́ yín léèrè nǹkan kan fún mi: àdéhùn UAW kan náà ló de ilé iṣẹ́ Ford tó ṣí ní Wixom ní 1957, ní agbègbè Oakland, lẹ́yìn Eight Mile. Owó kan náà ni wọ́n ń san. Kí ló dé tí ìlú ibẹ̀ ń dàgbà tí Detroit ń joro? Tó bá jẹ́ owó oṣù ló pa Detroit, ó yẹ kó pa gbogbo wọn pọ̀ ni. Ẹ tún wo Jámánì, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lágbára gan-an, wọ́n ṣì ń ṣe mọ́tò ní Wolfsburg àti Stuttgart. Lára ohun tó sì jẹ́ kí ẹrù pọ̀ lórí àwọn kọ́ńpìnì ni pé ní Amẹ́ríkà agbanisíṣẹ́ ló ń sanwó ìwòsàn òṣìṣẹ́, Walter Reuther tó jẹ́ olórí UAW fúnra ẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń pariwo pé kí ìjọba gbé e fún gbogbo orílẹ̀-èdè, wọn ò gbọ́.

Ta ló kọ́kọ́ fara gbá a nígbà tí iṣẹ́ lọ? Ẹni tí wọ́n gbà kẹ́yìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá dúró, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sì gbà kẹ́yìn. Iṣẹ́ lọ sẹ́yìn ìlú, aláwọ̀ dúdú ò lè ra ilé lẹ́yìn ìlú, ọkọ̀ èrò tó dáa ò dé ibẹ̀, ẹni tí ò ní mọ́tò nínú ìlú tó ń ṣe mọ́tò ò lè débi iṣẹ́. Èyí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àìmọ̀wé, ọ̀nà ni wọ́n dí mọ́ wọn.

Wọ́n tún wó àdúgbò mọ́ wọn lórí. Black Bottom ni wọ́n ń pe àdúgbò tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí jù, Hastings Street ló jẹ́ ọjà wọn, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, ilé orin wọn, ilé dókítà wọn. Láti àwọn ọdún 1950 wọ àwọn ọdún 1960, ìjọba wó gbogbo ẹ̀ láti fi kọ́ ilé tuntun àti láti fi la márosẹ̀ Chrysler gba orí Hastings Street gan-an kọjá. Ayálégbé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sẹ́ni tó fún wọn ní nǹkan gidi. Wọ́n kó lọ fún ara wọn pọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn ìlú, lágbègbè 12th Street. Ẹ rántí orúkọ títì yẹn.

Lóru Sunday, July 23, 1967, ọlọ́pàá já wọ ilé ọtí kan tí ò gbàṣẹ ní 12th Street, wọ́n bá àwọn èèyàn tó lé ní 80 tó ń ṣe fàájì fáwọn ọmọ ogun tó dé láti Vietnam, wọ́n ní gbogbo wọn ló máa lọ sí àgọ́. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún, èèyàn 43 kú, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 7,000, ààrẹ rán sójà tó ń fi párásúùtì jà wọ ìgboro. Ìbànújẹ́ ńlá ni, mi ò sì ní sọ pé kò bà wọ́n jẹ́, ó lé àwọn tó ti ń ro àtikó lọ tẹ́lẹ̀ jáde kíákíá, àwọn oníṣòwò tí ṣọ́ọ̀bù wọn jóná ò padà. Ṣùgbọ́n láàárín 1950 sí 1960, èèyàn bíi 179,000 ti dín kù nínú ìlú. Iná 1967 jó ilé tí wọ́n ti ń tú òrùlé ẹ̀ fún ogún ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ owó orí ṣe ń pa ìlú, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fojú sí. Ká ní ilé ogún ló wà ládùúgbò kan, páìpù omi kan ló kọjá níwájú gbogbo wọn, iná títì kan náà, ọkọ̀ panápaná kan náà, gbogbo wọn jọ ń dá owó ẹ̀. Mẹ́wàá kó lọ. Páìpù yẹn ò kúrú sí i, iná yẹn ò dín kù, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì látìgbà tí ìlú tóbi ṣì ń gba owó ẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn mẹ́wàá tó kù lá máa san ti ogún. Ìlú á fi owó orí kún un, ẹni mẹ́ta míì tó rí ṣe nínú wọn á sọ pé kí ló dé, á kó lọ síbi tí owó orí ti kéré tí ilé ìwé sì dáa, á ku méje. Ẹ wá fi ìyẹn sínú ìlú tó fẹ̀ tó 139 máìlì, tí ò sì lè fẹ̀ sí i mọ́, torí 1926 ni Detroit ti fa ilẹ̀ mọ́ra kẹ́yìn, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo ìlú tó yí i ká ti gba ìwé tiwọn, wọ́n ti dá dúró. Àwọn tó lọ ṣì ń wọlé wá síṣẹ́, wọ́n ń wá wo bọ́ọ̀lù, wọ́n ń rin títì ẹ̀, ìlú fi owó orí díẹ̀ lé owó oṣù ẹni tó ń wá ṣiṣẹ́ láti 1962 àmọ́ ìyẹn ò tó dí ihò yẹn. Ní 1999 ìpínlẹ̀ Michigan tún fòfin dá a dúró pé ìlú ò lè fagbára mú òṣìṣẹ́ ẹ̀ láti máa gbé nínú ìlú mọ́, ọlọ́pàá àti panápaná tí owó oṣù wọn dúró wá ń kó lọ.

Ìgbà kan wà tó yẹ kí ààlà yẹn ṣí díẹ̀. Àwọn òbí gbé ọ̀rọ̀ ilé ìwé lọ sí kóòtù, adájọ́ ìsàlẹ̀ gbà pé tí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọ funfun àti dúdú jọ kàwé lóòótọ́, àfi kí ètò náà dé àwọn ìlú etí Detroit. Ní July 1974 kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá a nù, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, ẹjọ́ Milliken àti Bradley nìyẹn. Thurgood Marshall tó wà lára àwọn mẹ́rin kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí wọ́n bá jẹ́ kí ìlú ńlá pín sí méjì báyìí, ìkan funfun, ìkan dúdú, àwọn èèyàn á kábàámọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Látọjọ́ náà, ẹni tó bá ní ọmọ tó sì fẹ́ ilé ìwé tó lówó, ó mọ̀ pé kó ṣáà ti sọdá Eight Mile. Lójú mi ẹjọ́ yẹn ba Detroit jẹ́ ju iná 1967 lọ, ó kàn jẹ́ pé kò ní fọ́tò ni.

Ẹ wo oṣù tí Coleman Young gorí àga méyọ̀: January 1974. Ìlú tí iṣẹ́ ti ń sá kúrò nínú ẹ̀ fún ọdún 25, tí epo bẹntiró ṣẹ̀ṣẹ̀ gbówó lórí, tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wá mọ́tò kékeré Japan kiri, tí kóòtù sì fẹ́ ti ilẹ̀kùn, òun ni wọ́n gbé lé aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ó tú ẹ̀ka ọlọ́pàá STRESS tó ń yìnbọn pa àwọn aláwọ̀ dúdú ká, ó gba aláwọ̀ dúdú sí iṣẹ́ ọlọ́pàá, ìyẹn wúlò. Àmọ́ ó ṣe àṣìṣe, mi ò ní bò ó. Èyí tó dùn mí jù ni ti àdúgbò Poletown ní 1981. GM ní òun á kọ́ ilé iṣẹ́ sínú ìlú tí wọ́n bá wá ilẹ̀ fún òun, wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ 6,000, ìjọba ìlú wá lé èèyàn tó lé ní 4,000 kúrò nílé wọn, ilé tó ju 1,300 lọ, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù àti ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá àgbà tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì Immaculate Conception pé àwọn ò ní jáde, ọlọ́pàá ló wá kó wọn. Ilé iṣẹ́ ṣí ní 1985, iṣẹ́ 6,000 yẹn ò pé ní gbogbo àwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Ní 2004 kóòtù Michigan fúnra ẹ̀ sọ pé ìdájọ́ tó fàyè gba ìyẹn ò tọ́. Kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe lẹ́yìn ọdún 23? Àdúgbò tó ṣì wà láàyè, tí aláwọ̀ funfun àti dúdú jọ ń gbé, ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa torí ọ̀nà ọjà kan ṣoṣo yẹn.

Èyí tó kù ẹ lè fojú inú wò ó. Ilé kan ṣófo, àwọn tó ń jí wáyà kọ́pà wọ inú ẹ̀, iná jó o, ilé kejì ò ṣeé tà mọ́, ilé ìwé àdúgbò pa, ilé ìtajà tẹ̀lé e. Lẹ́yìn 2007 tí ọ̀rọ̀ owó ilé dàrú ní gbogbo Amẹ́ríkà, báǹkì ń gba ilé, ìjọba náà ń gba ilé torí owó orí, ìyà ibẹ̀ sì ni pé owó orí yẹn ò tọ́, ìlú ṣì ń díye lé ilé bí ẹni pé owó ẹ̀ ò tíì já, àwọn arúgbó ń pàdánù ilé tí wọ́n ti san tán, wọ́n á wá gbé e sí gbàǹjo láti dọ́là 500. GM àti Chrysler wọ kóòtù gbèsè ní 2009. Ìlú fúnra ẹ̀ wọ̀ ọ́ ní July 18, 2013, gbèsè bíi bílíọ̀nù dọ́là 18, kò sí ìlú Amẹ́ríkà kankan tó wọ irú gbèsè yẹn rí. Nǹkan bíi 40 nínú 100 iná títì ni ò tàn. Ẹni tó bá pe ọlọ́pàá lè dúró fún wákàtí kan kí wọ́n tó dé. Kevyn Orr tí gómìnà yàn ló ń darí ìlú, kì í ṣe ẹni tí wọ́n dìbò fún. Nígbà tí wọ́n jáde ní December 2014, wọ́n ti gé owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọlọ́pàá tàbí panápaná ní 4.5 nínú 100, wọ́n sì yọ àfikún ọdọọdún tó ń bá ọ̀wọ́n ọjà lọ, ìyẹn gan-an ló dùn wọ́n jù, torí ohun gbogbo á máa gbówó lórí títí wọ́n á fi kú. Àwọn tí ò lọ síbi kankan, tó tún títì ṣe, tó kó ìdọ̀tí, àwọn ló san gbèsè àwọn tó lọ.

Ṣé ó lè padà bọ̀ sípò? Tó bá jẹ́ ti 1950 lẹ ń sọ, rárá, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa lé ìyẹn. Pittsburgh tí gbogbo èèyàn ń yìn pé ó bọ́ lọ́wọ́ ìṣubú irin, tí ilé ìwòsàn àti yunifásítì ló ń gbé e ró báyìí, 676,806 ni wọ́n ní 1950, ó ku nǹkan bíi 303,000 ní 2020. Ìlú lè kéré kó sì dáa. Nínú Detroit, nígbà tí 2016 fi máa parí wọ́n ti fi iná tuntun 65,000 sí títì, Ford ra ibùdókọ̀ reluwé Michigan Central tó ti dáhoro láti 1988, ó tún un ṣe, wọ́n ṣí i ní June 2024, tẹ́ ẹ bá wo fọ́tò ẹ̀ báyìí ẹ ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Inú mi dùn sí i gan. Ohun tí mò ń wò ni àwọn àdúgbò tó jìnnà sí àárín ìlú, bóyá owó tó ń wọlé yìí dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń gbé nílé kan ṣoṣo tó kù lójú títì ẹ̀, tàbí inú máìlì díẹ̀ yẹn nìkan lá máa yí ká. Ìwọ̀nba tí mo rí títí di àkókò yìí, àárín ìlú ló ń jẹ ẹ́ jù.

Ní May 2024 àjọ tó ń ka èèyàn ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò tuntun jáde, wọ́n ní èèyàn Detroit lé sí i díẹ̀ lọ́dún 2023. Ẹ fi han ọ̀rẹ́ yín àkọ́kọ́, kó ka ìlà tó sọ pé irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láti 1957.